Ìwé Tí Ẹ Ti Ń Kà Kí Ẹ Tó Mọ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ wọn

Ẹni tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó wẹ ọwọ́, tí ó jẹun, tí ó tún wá jókòó ti ìwé nígbà tí oorun ń kùn ún, akin ni ẹni bẹ́ẹ̀.

Lónìí, mo fẹ́ san gbèsè kan. Gbèsè owó kọ́ o. Gbèsè ìdáhùn ni. Ìyá kan nínú kíláàsì wa bi mí ní ìbéèrè kan nígbà kan rí, n kò sì dá a lóhùn bí ó ti yẹ. Mo ti wá mọ ìdáhùn náà wàyí, ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ mi. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ó ti jẹ́.

1. Ìbéèrè ìyá náà

Ìyá yìí fi bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Àgbẹ̀ ni. Ó ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ilá àti ẹ̀fọ́, ó sì ń tà wọ́n lọ́jà fúnra rẹ̀. Ìdí tí ó fi wọ kíláàsì wa kò fara sin. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì kí ó tó kú. Ó ní láti kékeré ni àwọn ẹlòmíràn ti ń kà á sí òun létí, òun fẹ́ mọ̀ bóyá bí wọ́n ti ń kà á náà ni ó ṣe wà níbẹ̀.

Ó gbìyànjú gan-an. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti ń ka orí kan ní alaalẹ́. Inú mi dùn. Mo ń fi í yangàn láàárín àwọn olùkọ́ yòókù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán, ó dúró tì mí. Ó ní, "Tísà, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn."

Mo ní, "Màmá, ẹ wí i."

Ó ní, "Kí n tó mọ̀wé, bí mo bá ń lọ sí oko ní ìdájí, àdúrà a máa wá sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bí mo bá rí ìrì lórí koríko, mo ń dúpẹ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹyẹ, mo ń kọrin. Nísinsìnyí, orí tí mo máa kà ní alẹ́ ni mo ń rò lójú ọ̀nà. Mo ń ro ọ̀rọ̀ tí n kò lè pè. Mo lè dé oko tán kí n tó rántí pé n kò tíì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Tísà, àbí ìwé ló lé àdúrà mi lọ?"

Kí ni mo wí? Ọ̀gá ilé ìwé ni mo jẹ́ rí, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé kì í fẹ́ sọ pé òun kò mọ nǹkan. Mo ní, "Màmá, ẹ fi orí kan kún un. Ẹ máa ka orí méjì." Ó dúpẹ́, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ó dà bí ojú ẹni tí ó tọrọ omi, tí a fún ní iyọ̀.

2. Ìgbà tí ìwé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìyàwó mi kú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni a fi jọ gbé. N kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ bí ó ti ń rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń ṣí Bíbélì mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ojú mi ń rí lẹ́tà, ẹnu mi ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wọlé. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi sórí àpáta. Mo jókòó sínú ìyẹ̀wù, mo ti fèrèsé. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ìwé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n bá dìde, mo ń dìde. Nígbà tí wọ́n bá jókòó, mo ń jókòó. Ṣùgbọ́n nínú ara mi lọ́hùn-ún, mo ń béèrè bóyá ẹnìkan tilẹ̀ wà tí ń gbọ́.

Ó tó oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì a máa wá kí mi, ìyá náà a sì máa bá wọn wá. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń lọ, ó yíjú padà. Ó ní, "Tísà, ẹ bá èmi àti ọmọ-ọmọ mi dé oko ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹrù kan wà níbẹ̀ tí ó wúwo jù fún àwa méjèèjì." Irọ́ ni o. Kò sí ẹrù kankan. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe jẹ́ kí ìyá àgbà máa ru ẹrù tí ó wúwo? Mo bá wọn lọ.

Oṣù kẹfà ọdún ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tuntun ti ń rùn lẹ́yìn òjò. Àgbàdo ti ga ju mí lọ, ó sì ti ń yọ irun. Ìyá náà mú mi dé ìdí igi àgbàdo kan. Ó ní, "Tísà, kí nìyí?"

Mo ní, "Irun àgbàdo ni."

Ó ní, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ó ya ọmọ àgbàdo kan, ó rọra ń bó èèpo rẹ̀. Ó fi ìka tọ irun kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irun náà lọ tààrà sí ara hóró kan ṣoṣo. Ó tọ òmíràn, òun náà lọ sí ara hóró tirẹ̀. Ó ní, "Hóró kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀. Bí tata bá jẹ irun yìí kí lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti orí àgbàdo tó kàn án, ibi tí hóró náà ìbá wà yóò ṣófo ni." Ó lọ sí apá ibi tí ó ti kọ́kọ́ gbìn, ó ya èyí tí ó ti ń gbó, ó bó o hàn mí. Lóòótọ́, hóró kò pé lára rẹ̀. Ó dà bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká.

Nígbà tí mo padà délé, mo wá ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ kà. Bí ìyá náà ti wí gan-an ni. Irun kan, hóró kan. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún hóró lè wà lára ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò na okùn sí.

Ìyá náà kò wàásù fún mi o. Kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Ó mú ọkọ́ rẹ̀, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ ń ro ilé ilá. Èmi jókòó sórí ebè, àgbàdo wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí Olúwa wa sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù orí 10, pé Ọlọ́run mọ iye irun tí ń bẹ lórí wọn. Mo ti ka orí náà kọjá níye ìgbà tí n kò lè kà. Mo ń rò ó pé àsọdùn lásán ni, kí a fi mọ̀ pé Ọlọ́run tóbi. Àmọ́ irun nìyí lọ́wọ́ mi, tí a ti kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lára àgbàdo tí wọn yóò sun jẹ lẹ́bàá títì. Ẹni tí ó ṣe èyí fún àgbàdo, ṣé yóò gbàgbé ìyàwó mi? Ṣé yóò gbàgbé mi?

Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo ní, "Olúwa, ó dùn mí." Gbogbo àdúrà tí mo gbà kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n òun ni àdúrà àkọ́kọ́ tí ó ti inú mi jáde láti oṣù mẹ́ta.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Àgbàdo kò sọ ìdí tí ìyàwó mi fi kú. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n. Mo sì rí ibi tí ó ṣófo lára èkejì náà. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò sọ èyí tí hóró rẹ̀ kò pé nù. Ó kó o sínú agbọ̀n pẹ̀lú àwọn yòókù, a jọ sè é jẹ.

3. Ìta gbangba ni púpọ̀ nínú Ìwé Mímọ́ ti ṣẹlẹ̀

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo Bíbélì mi. Mo ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú ohun tí a kọ síbẹ̀, inú ilé kọ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Níbo ni Mósè wà nígbà tí ó rí igbó tí ń jó tí kò run? Ẹran àna rẹ̀ ni ó ń dà kiri ní aginjù. Níbo ni Dáfídì ti kọ́kọ́ mọ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́? Inú pápá ni, lẹ́yìn àgùntàn bàbá rẹ̀. Ẹ ka Sáàmù 8 àti Sáàmù 19, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó máa ń wo ojú ọ̀run ní alẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Olúwa wa ńkọ́? Máàkù orí 1 sọ fún wa pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dìde, ó jáde lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn, ó ń gbàdúrà níbẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe àníyàn, kò fún wọn ní ìwé. Ó ní kí wọ́n wo ẹyẹ, kí wọ́n wo òdòdó inú ìgbẹ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ afúnrúgbìn yẹ̀ wò nínú Mátíù orí 13. Nígbà tí mo jẹ́ tísà, àwọn ọmọdé a máa bi mí pé, "Ọ̀gá, irú àgbẹ̀ wo ló ń da irúgbìn sójú ọ̀nà?" Wọ́n gbọ́n. Ní ilẹ̀ wa, a ń gbẹ́ ihò ni, a ń fi àgbàdo sí i, a ń bò ó. Ta ni yóò da àgbàdo sójú ọ̀nà fún adìẹ? N kò rí èsì fún wọn. Mo bi ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tísà, ta ló sọ fún yín pé bí ẹni ń gbin àgbàdo ni? Bí ẹni ń fún tẹ̀tẹ̀ ni."

Ó tán! Ẹni tí ó bá ti gbin tẹ̀tẹ̀ rí mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń fún irúgbìn rẹ̀ ká. Bí ènìyàn ti wù kí ó ṣọ́ra tó, díẹ̀ yóò bọ́ sójú ọ̀nà, díẹ̀ yóò bọ́ sáàárín koríko. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Olúwa wa ṣe ń fún àlìkámà àti ọkà báálì nígbà náà. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀, tí odindi Bíbélì fi jáde ní èdè wa ní 1884, ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ mọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n oko ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

4. Ọkùnrin tí Ọlọ́run pè lójú ọ̀nà

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, "Ìyẹn ti ayé àtijọ́ ni, ní ilẹ̀ àwọn Júù." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, ní ilẹ̀ tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Kwara. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà ni ó ń wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà nítòsí Ìkẹ́jì-Arákejì. Ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé òun gbọ́ ohùn tí ń pe òun. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń wàásù kiri. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà nípasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìjọ tí ó ti inú iṣẹ́ náà dìde ni a ń pè ní Christ Apostolic Church láti 1943. Ní 1959 ni ó kú.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀? Kì í ṣe pé kí gbogbo wa fi iṣẹ́ wa sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ojú ọ̀nà gbalasa ni ọkùnrin yìí wà, lẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́ ni ó gbọ́. Ẹ̀yin ará, ariwo pọ̀ nílé wa. Rédíò ń ké, fóònù ń dún, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú. Bí Ọlọ́run bá pè wá, ṣé a ó gbọ́?

5. Ìkìlọ̀ mẹ́ta

Ìkìlọ̀ kìíní: igi kì í ṣe Ọlọ́run, òkè kì í ṣe Ọlọ́run. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá rí lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ kò ní máa kí lẹ́tà náà kú àbọ̀. Ọmọ tí ó kọ ọ́ ni yóò máa rò.

Ìkìlọ̀ kejì: ẹ má ṣe tìtorí oko kí ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo mọ àwọn kan tí wọ́n ń sọ pé abẹ́ igi ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Bí a bá wádìí rẹ̀, oorun ni wọ́n ń sùn lábẹ́ igi náà. Èmi ìbá dá nìkan wà nínú ìyẹ̀wù mi, bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn wá kí mi. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìkìlọ̀ kẹta: ẹ má ṣe pa ìwé tì. Kì í ṣe ìwé ni ó lé àdúrà ìyá náà lọ. Ó jẹ́ kí ìwé gba ọ̀nà oko mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Bí n kò bá ti ka Mátíù orí 10 rí, irun àgbàdo ìbá kàn jẹ́ irun àgbàdo lójú mi. Ìwé nìkan gbẹ mí, oko nìkan kì bá ti tó mi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé mi dìde.

6. Bí ẹ ó ti ṣe é

Ẹ lè ṣe é báyìí:

Èkíní, ní alẹ́, ẹ ka ẹsẹ̀ díẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ kà á títí yóò fi dúró sí yín lọ́kàn.

Èkejì, ní òwúrọ̀, ẹ pa ìwé dé. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìta. Bí ẹ bá jẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà oko ti tó. Bí ẹ bá ń gbé ìlú ńlá, ẹ wá abẹ́ igi kan, tàbí kí ẹ dúró ní ẹ̀yìnkùlé kí ẹ wo ojú ọ̀run.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo nǹkan kan ṣoṣo dáadáa. Ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ èèrà, ó lè jẹ́ ẹ̀ga tí ń hun ilé rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ẹ má ṣe kánjú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ òtítọ́ fún Ọlọ́run. Bí inú yín bá dùn, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá dùn yín, ẹ sọ pé ó dùn yín. Kò pọn dandan kí ó gùn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lo ọgbọ́n. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ará ilé. Níbi tí ọ̀nà kò bá ti fara rọ, ẹ má ṣe dá nìkan lọ. Ẹ gbé omi dání. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí ejò. Bí ààrá bá ń sán, ẹ má ṣe dúró sí abẹ́ igi gíga tàbí orí òkè, ẹ wọ ilé. Ìgbàgbọ́ kò ní kí á má lo ọgbọ́n.

7. Ìparí

Mo ti padà bá ìyá náà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka orí méjì mọ́. Ẹ ka díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí oko."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tísà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń dúró kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ni."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti mọ ìwé kà nísinsìnyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òpè ni yín kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ wa. Ìwé kan wà tí ẹ ti ń kà láti ìgbà èwe yín: òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, irúgbìn àti ìkórè. Ẹnìkan náà ni ó ni ìwé méjèèjì. Ẹ máa fi ọ̀kan tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó má sì jẹ́ kí ojú yín fọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Àmín.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí

1. Kí ni ìyá náà sọ pé ó yí padà nígbà tí ó mọ ìwé kà?
2. Kí ni irun àgbàdo ń ṣe? Bí oko bá wà nítòsí, ẹ lọ wò ó.
3. Kí ló dé tí irúgbìn afúnrúgbìn fi bọ́ sójú ọ̀nà?
4. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà ní oko tàbí ní ọ̀nà yín tí ó ti mú kí ẹ gbàdúrà rí? Ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀.